Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ríran: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ọkọ tàbí Aya Rẹ̀ Kú

Ní ilé òkú, nǹkan máa ń dojú rú ní ọ̀nà kan tí a kì í tètè fura sí: ohun tó yẹ kí á yára ṣe ni a máa ń fi falẹ̀, ohun tó yẹ kí á fi falẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kán wa lójú sí. Nígbà tí ọkọ mi kú ní Adó-Èkìtì, a kò tíì sin ín pé ọjọ́ mẹ́jọ tí àwọn ènìyàn fi ń bi mí bóyá n ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, àti ọ̀dọ̀ ta ni àbíkẹ́yìn wa yóò máa gbé. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ikú, tí gbogbo nǹkan yòókù rọ̀ mọ́, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ títí oṣù kẹrin fi wọlé. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju pé kí ẹ yí ètò náà padà: ẹ yára sí ìwé, ẹ lọ́ra sí ìpinnu, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹkún gba àyè tirẹ̀ láàárín méjèèjì. Bí mo bá sọ pé opó, àti ọkùnrin àti obìnrin ni mo ń bá wí.

Ọjọ́ méje àkọ́kọ́

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe akin ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe: ẹ yan ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, tí ikú náà kò wọ̀ lára tó bí ó ti wọ ẹ̀yin lára, kí ó máa dá àwọn ènìyàn lóhùn ní orúkọ yín. Ó lè jẹ́ ọmọ ìyá yín, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tó mọ̀wé tó ní sùúrù. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún un, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: owó tó wọlé àti orúkọ ẹni tó mú un wá, owó tó jáde, àti ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé olóògbé jẹ òun tàbí pé òun jẹ olóògbé. Apá kẹta yìí wúlò ju bí ó ti rí lójú lọ. Láàárín "Ọlọ́run á tù yín nínú" àti "ẹ kú àráfẹ́rakù" ni ẹnì kan máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé owó símẹ́ńtì kan ṣì wà láàárín òun àti Bàbá, ẹ ó sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nípa ìsìnkú, gbólóhùn kan péré ni mo ní: ẹ má yá owó èlé sin òkú. Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí, ìsìnkú kì í pẹ́, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ bí wọ́n kò bá fi sàráà ọjọ́ kẹjọ ṣe fáàrí. Bí ó bá jẹ́ Kírísítẹ́nì, tí wọ́n gbé e sí mọ́ṣúárì, ọjọ́ mọ́ṣúárì ń gun orí ara wọn, owó rẹ̀ náà ń gun orí ara rẹ̀, nígbà tí ẹbí ṣì ń jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ tí wọn yóò wọ̀. Èmi rò pé màlúù tí a pa nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ kò tíì jáde kò buyì kún òkú, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ní Èkìtì yóò bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé

Ibí ni kí ẹ ti yára. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni olóògbé kú sí, dókítà yóò fún yín ní ìwé tó sọ ohun tó pa á. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n forúkọ ikú náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí ikú. Dandan ni ìforúkọsílẹ̀ yìí lábẹ́ òfin àpapọ̀ ti ọdún 1992. Bí ó bá jẹ́ ilé ni ó kú sí, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn irú ẹ̀rí tí wọn yóò gbà, kí ẹ má baà rìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó mẹ́wàá, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀ sí ibi tí àlejò kò lè dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá fáìlì kan tó lágbára, kí ẹ kó gbogbo ìwé jọ sínú rẹ̀: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì ìdánimọ̀ olóògbé, orúkọ báńkì tó ń lò, ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì rẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, káàdì alájọ, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ wo ọ̀kan, ẹ̀dà ni kí ẹ fún un. Bí ó bá di dandan kí ojúlówó jáde, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti ìdí tó fi gbà á, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ má jù fóònù olóògbé nù, ẹ má sì yọ síìmù rẹ̀ fún ọmọdé. Nọ́ńbà yẹn ni báńkì mọ̀, òun ni àwọn ajigbèsè rẹ̀ ń pè, òun sì ni àwọn ìwífún owó ń wọlé sí. Bí síìmù bá wà láìlò fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè pa á, wọ́n sì lè fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn nígbà tó bá yá. Nítorí náà, ẹ máa fi owó díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa fi pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Káàdì owó rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló mọ nọ́ńbà àṣírí ọkọ tàbí aya wọn, ó sì máa ń wu ènìyàn láti sáré lọ yọ owó kí báńkì tó gbọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọjọ́ tí àwọn àbúrò ọkọ yín tàbí ọmọ ìyàwó kejì bá béèrè àkọsílẹ̀ báńkì, ọjọ́ tí owó jáde yóò hàn pé ó ti kọjá ọjọ́ ikú, ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣe nítorí owó oúnjẹ yóò wá dà bí olè. Ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú sí i. Wọn yóò ti àkáǹtì náà, wọn yóò sì sọ fún yín pé kí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́.

Ìwé àṣẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ opó kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí olóògbé bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni yóò mú un lọ sí ilé ẹjọ́. Bí kò bá fi sílẹ̀, ìwé àṣẹ ìbójútó ogún ni ẹ ó tọrọ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún, ní Adó. Ẹ ó kọ gbogbo ohun ìní tí ẹ mọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, ẹ ó mú oníduúró wá, wọn yóò kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè jáde, ẹ ó sì san owó. Ó máa ń gba oṣù díẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ yín tàbí ti ọmọ yín tó ti dàgbà wà lára àwọn tí a kọ sí ìwé náà. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni báńkì kan dá mi padà nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo: orúkọ mi ní "h" nínú ìwé ìgbéyàwó, kò ní in nínú káàdì ìdánimọ̀ mi. Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ ni ó yanjú rẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ yín wò lórí gbogbo ìwé kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "next of kin" dẹ́rù bà yín, ẹ má sì fi tan ara yín jẹ. Ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè yẹn ní ibi iṣẹ́ tàbí ní báńkì jẹ́ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ pè, kò túmọ̀ sí pé òun ló ni ogún. Mo ti rí opó tó jókòó sílé pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan nítorí pé orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni wọ́n kọ síbẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ra.

Bí olóògbé bá ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ béèrè ohun méjì ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè, ni owó adójútòfò ẹ̀mí: òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó wà lábẹ́ ètò náà ra adójútòfò fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po 3 gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan kì í san án, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá fi lẹ́tà béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìpàdé ẹbí

Ọjọ́ kan yóò dé tí olórí ẹbí yóò pe ìpàdé. Kí ẹ tó lọ, ẹ mọ òfin tó de ìgbéyàwó yín, nítorí pé mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ láàárín wa, àbájáde wọn kò sì dọ́gba.

Bí ó bá jẹ́ pé ìdána nìkan ni ẹ ṣe, tí olóògbé kò sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀, àṣà Yorùbá ni yóò darí ogún, àwọn ọmọ ni àṣà náà sì mọ̀. Ìdí-igi ni ìlànà tó wọ́pọ̀: bí ìyàwó bá ti pọ̀ tó ni a ó pín in sí, láìka iye ọmọ. Orí-ó-jorí ni èkejì, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fìdí ìdí-igi múlẹ̀ ní ọdún 1962, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan ní Èkó tó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ní ti aya fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà korò: nínú ẹjọ́ Akinnubi ní ọdún 1997, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó tí ọkọ rẹ̀ kò ṣe ìwé ìhágún jẹ́ ara ogún náà, kò sì lè béèrè fún ìwé àṣẹ láti bójú tó o. N kò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, ṣùgbọ́n yóò burú bí mo bá fi pamọ́ fún yín. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé orúkọ àwọn ọmọ yín ni agbára yín, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá ní rìsíìtì ní orúkọ ẹ̀yin fúnra yín.

Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fọwọ́ sí, òfin ìjọba mọ̀ yín, ẹ sì ní ìpín tiyín gẹ́gẹ́ bí aya tàbí ọkọ. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó náà lọ fi han agbẹjọ́rò kí ìpàdé tó wáyé. Bí ó bá sì jẹ́ ìlànà Ìsìláàmù ni ẹ fi ṣe ìgbésí ayé yín, Kùránì ti pín in: opóbìnrin gba ìdá 1 nínú 8 bí olóògbé bá ní ọmọ, ìdá 1 nínú 4 bí kò bá ní, opókùnrin gba ìdá 1 nínú 4 bí aya bá ní ọmọ, ìdajì bí kò bá ní. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, ìpín kan náà ni wọn yóò jọ pín.

Ọ̀rọ̀ oko kòkó yẹ kí ó dá dúró, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún jù ní Èkìtì. Obìnrin yóò ti bá ọkọ rẹ̀ ro oko fún ogún ọdún, yóò ti gbé omi, yóò ti fọ́ kòkó, yóò ti sá a, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wà ní ipò yìí, ẹ kó àwọn rìsíìtì tí ẹ fi ra oògùn kòkó jọ, ẹ kọ orúkọ àwọn alágbàṣe tí ẹ san owó fún sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ìpàdé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ẹni tí yóò kórè ní ọdún yìí àti bí owó rẹ̀ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ìpín oko lè dúró. Ìkórè kì í dúró.

Ní ìpàdé náà, ẹ mú ẹnì kan láti ilé bàbá yín lọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ ti máa ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e síwájú yín. "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé kà" tó. Bí inú bá bí wọn sí gbólóhùn yẹn, ó yẹ kí ẹ túbọ̀ ka ìwé náà dáadáa. Síbẹ̀, ẹ má wọ inú yàrá náà bí ẹni ń lọ sójú ogun. Ẹbí ọkọ yín ni ẹbí àwọn ọmọ yín títí ayé, mo sì ti rí àbúrò ọkọ tó san owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi parí yunifásítì láìsí ariwo kankan.

Opó ṣíṣe

Iye ọjọ́ tí a fi ń ṣe opó yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú àti láti ilé dé ilé. Lábẹ́ Ìsìláàmù, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni fún obìnrin, àyàfi aláboyún tí tirẹ̀ parí lọ́jọ́ tó bá bímọ. Bí aṣọ dúdú bá ń tù yín nínú, ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí i pé jíjókòó sójú kan láàárín àwọn obìnrin ilé ń mú kí ẹkún yín rọrùn, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní àṣẹ láti fi ipá fá irun yín, láti mú yín sùn sórí ilẹ̀, láti fún yín ní omi tí wọ́n fi wẹ òkú mu, tàbí láti fi yín fún àbúrò ọkọ. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá dárúkọ fífi ìyà jẹ opó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Èkìtì náà ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí akọ tàbí abo láti ọdún 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Adó ni kí ẹ mú ẹjọ́ náà lọ, kì í ṣe ààfin nìkan.

Ara

Ní ọdún 1969, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí dókítà Colin Murray Parkes ṣáájú wọn, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí 4,486 ọkùnrin tí aya wọn kú, tí ọjọ́ orí wọn tó 55 sókè. 213 nínú wọn kú láàárín oṣù mẹ́fà, èyí tó fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tó yẹ kí ó kú lọ, àrùn ọkàn ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tó pa wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kí ikú tó dé, ẹ sọ fún ọmọ kan pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rán yín létí lójoojúmọ́. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àyà bá ń dùn yín gidigidi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ìbànújẹ́ lásán ni. Ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀ lè da ọkàn tó ń lu nínú àyà láàmú.

Fún àwọn ọkùnrin, ẹ ṣọ́ ẹmu àti ògógóró. Bàbá kan ní àdúgbò wa, tí kì í mu ju ife kan lọ nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, ti ń mu ìgò kan kí ó tó di ọ̀sán nígbà tí oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n kọ́ ọkùnrin pé kí ó má sunkún, ó wá ń mu ún.

Ní ti ọkàn, ẹ ó gbọ́ pé ìpele márùn-ún ni ìbànújẹ́ ní, a sì gbọ́dọ̀ gbà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Elisabeth Kübler-Ross, tó sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn aláìsàn tó ń kú lọ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ nípa wọn, kì í ṣe àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Èyí tó bá tèmi mu jù ni ohun tí Margaret Stroebe àti Henk Schut ní Netherlands kọ ní ọdún 1999: pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, láàárín ẹkún àti iṣẹ́ ilé, àti pé lílọ bíbọ̀ yẹn gan-an ni ara fi ń sàn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín ní òwúrọ̀ kí ẹ sì wó lulẹ̀ ní alẹ́. Ẹ kò ya wèrè, ẹ kò sì dalẹ̀ òkú.

Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá, tí ìrora náà ṣì le bí ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ kò lè jẹun, tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tàbí ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, kí ẹ béèrè dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ọkàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ṣe yín bíi pé kí ẹ tẹ̀ lé olóògbé lọ, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹni náà sì wá sùn nílé yín.

Odó

Èkìtì ni wá. Ilé tí a kò gún iyán nínú rẹ̀ kò tíì dà bí ilé lójú wa. Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn tí èrò tú ká, mo bẹ́ iṣu bí mo ti ń bẹ́ ẹ láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó jinná, mo dà á sínú odó, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ó kún odó dé ìdajì. Ọkọ mi ni ó máa ń gún ìlàjì àkọ́kọ́, nígbà tí iṣu ṣì le. Èmi ni mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi gún un kúnná. Mo gbé ọmọ odó, mo gún un títí apá mi fi ń gbọ̀n. Kókó ló kún inú iyán náà, mo sì jókòó ti odó, n kò jẹ ẹ́.

Irú nǹkan báyìí ni yóò máa bá yín níbi tí ẹ kò ti ń retí rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣètò fún un. Ẹ wo àkókò mẹ́ta tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń wà pọ̀ láìkùnà lọ́sẹ̀, kí ẹ yí ohun tí ẹ ń ṣe ní àkókò yẹn padà fún oṣù díẹ̀. Èmi gbé iyán Àìkú sí ọjọ́ Sátidé, mo sì sọ fún ọmọ aládùúgbò wa ọkùnrin pé bí ó bá bá mi gún un, yóò bá mi jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ fún ọdún méjì gbáko kí ó tó wọ yunifásítì. Ẹ̀yin opókùnrin tí ẹ kò mọ bí wọ́n ti ń se ọbẹ̀, ẹ kọ́ ọbẹ̀ mẹ́ta péré: ẹ̀gúsí, ilá, àti ọbẹ̀ ata. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín di ìyá ilé ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá nítorí pé wọn kò kọ́ yín.

Yàrá àti aṣọ

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tó yẹ kí ẹ kó aṣọ rẹ̀ kúrò. Bí àwọn ọmọ ilé bá wá béèrè pé àṣà ni kí wọ́n pín in, ẹ kọ́kọ́ mú ohun tí ẹ fẹ́ kí ọwọ́ kankan tó kàn án. Mo mú fìlà abetí-ajá rẹ̀ kan tó ti ń ya létí, tí òórùn orí rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo kó ìyókù sílẹ̀ fún wọn, n kò sì kábàámọ̀.

Àwọn ọmọ

Ẹ sọ fún ọmọdé pé bàbá rẹ̀ kú. Ẹ má sọ pé ó lọ sí Èkó, ẹ má sì sọ pé ó sùn, nítorí pé ọmọ tí a sọ fún pé bàbá rẹ̀ lọ sí Èkó yóò máa sáré jáde nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tí a sì sọ fún pé ó sùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun tirẹ̀. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó padà sí kíláàsì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àkọ́bí yín ọkùnrin pé "ìwọ ni bàbá ilé báyìí." Ọmọ ni.

Ọ̀rọ̀ fífi ọmọ fún ẹbí tọ́ wà lára ìpinnu tí mo ní kí ẹ fi falẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó ló fà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ gbà á lè máa fi owó náà ránṣẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ yín. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ ohun púpọ̀ fún yín.

Owó àti ìpinnu ńlá

Gbèsè olóògbé, inú ohun tó fi sílẹ̀ ni a ti ń san án. Kì í ṣe àpò yín, àyàfi bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oníduúró. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú gbèsè, kí ó mú ìwé tàbí ẹlẹ́rìí wá, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ pé ẹ ó san án nígbà tí ìwé àṣẹ bá jáde. Ẹ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ó lè ní owó níbẹ̀, ó sì lè ti dúró fún ẹlòmíràn tí kò san.

Fún ọdún kan, ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má ta ilé, ẹ má kó kúrò nílùú, ẹ má fi owó òkú bẹ̀rẹ̀ òwò tí ẹ kò ṣe rí, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní owó adójútòfò, pàápàá ẹni tó bá mọ iye tó jẹ́ gan-an. Bí owó ilé bá ti ju agbára yín lọ, ẹ lè kó lọ sí yàrá tó kéré ní àdúgbò kan náà, kí àwọn ọmọ má baà pàdánù ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù òbí.

Ọdún àkọ́kọ́

Ọdún iṣu tuntun, Kérésìmesì tàbí Iléyá, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tó kú: ẹ sàmì sí gbogbo wọn lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ pinnu ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ibi tí ẹ ó wà àti ẹni tí yóò wà pẹ̀lú yín. Èyí tó burú jù fún mi kì í ṣe ọjọ́ ikú gan-an. Ọdún Olósunta ní Ìkéré ni, tí a jọ máa ń lọ, tí gbogbo ènìyàn ń kí mi ní "ẹ kú ọdún" láìrántí.

Ẹlòmíràn

Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ ó gbọ́ pé ó yá jù fún obìnrin, ẹnu kan náà yóò sì sọ fún opókùnrin ní oṣù karùn-ún pé ilé kò ṣe é dá gbé. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé kí ìwé ogún olóògbé ti parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ohun tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní orúkọ wọn, kí ẹni tuntun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bóyá ẹ fẹ́ ẹlòmíràn tàbí ẹ kò fẹ́, ẹ ṣe ìwé ìhágún tiyín, níwájú agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò ní ìpín nínú rẹ̀. Tèmi wà nínú àpótí irin lábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo àkáǹtì mi àti nọ́ńbà akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ọmọ mi obìnrin mọ ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí.